Àdúgbò Etí Òkun Tó Dára fún Ẹbí

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì fẹ́ dúró dìgbà tí inú mi á rọ̀. Mo mọ ara mi. Tí inú mi bá ti rọ̀, màá ní kò tó nǹkan, màá sì pa ìwé dé.

Àbúrò ìyá mi ló mú mi wá sí Houston, ní Amẹ́ríkà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí òun àti ìyá mi, ẹ̀yìn ìyá mi ló sì gbé dàgbà. Níwájú rẹ̀, mi ò jẹ́ pè é láìfi ọ̀wọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, màá pè é bó ṣe rọ̀ mí lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, jẹ́ ẹnjiníà ní Baytown, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, ó máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ torí ọ̀nà jìn. Richmond, lẹ́bàá Houston, la ń gbé, ní àdúgbò kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra débi pé lọ́sẹ̀ tí mo dé, ilẹ̀kùn ilé onílé ni mo ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ojú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní ni àbúrò ìyá mi ti sọ fún mi pé òun ò fẹ́ gbọ́ "àǹtí" lẹ́nu mi.

"Mọ́mì ni kó o máa pè mí. Ọmọ mi ni ẹ́."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, á fà mí síwájú, á ní, "Ẹ wá wo àgbà nínú àwọn ọmọ mi o!" Àwọn ìyá ìjọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní imú wa jọra. Mo gbà á gbọ́.

Ilé ìwé ló ṣèlérí fún ìyá mi. Kíláàsì kẹta ní girama ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. "Jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi," ni Mọ́mì wí lórí fóònù, "á parí ìwé ẹ̀ níbí." Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo kà láàárín ọdún mẹ́ta ọ̀hún ni ohun tí wọ́n kọ sára páálí oúnjẹ ọmọdé. Ọmọ mẹ́ta ni Mọ́mì bí: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, àti àbíkẹ́yìn ọmọ ọdún méjì tí kì í gbà kí ẹlòmíràn wọ bàtà fún òun àfi èmi. Mi ò kórìíra wọn. Wọn ò ṣẹ̀ mí.

Ilé ìkàwé tí mo máa ń kó wọn lọ láti gbọ́ ìtàn ni mo ti rí ìwé kan lára ògiri. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́, fún àgbàlagbà tí kò parí ilé ìwé, ní Rosenberg tó fara kan wa níbí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ wo ìwé yẹn kí n tó lè bá obìnrin tó wà nídìí tábìlì sọ̀rọ̀. Ojú máa ń tì mí. Tí mo bá fẹ́ sọ gẹ̀ẹ́sì fún àlejò, ohùn mi á wọlé lọ bí ìgbín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà ní kí n tún un sọ, kò sì bínú. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n fún mi láyè. Òfin kan ṣoṣo ló fi bírò pupa fàlà sí nídìí nínú ìwé tí wọ́n fún mi: ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ ti pàdánù àyè rẹ̀, torí àwọn tó ń dúró pọ̀.

Mo fi ìwé náà han Mọ́mì bó ṣe ń bọ́ aṣọ iṣẹ́. "O káre!" ló wí. "Olúwa á ṣe é." Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni bá sọ bẹ́ẹ̀ lè ti gbà, ó sì lè má gbà. Mo mú un pé ó gbà.

Kò pẹ́ sí i ló rí àdúgbò kan lórí fóònù, létí òkun, lẹ́bàá ìlú Valencia ní Sípéènì. Ó pe gbogbo wa wá sí pálọ̀. "Ẹ wò ó, wọ́n ní ó dára fún ẹbí. Kò sí ariwo, kò sí ọ̀mùtí, òkun ò jìn níwájú ilé." Ó nawọ́, ó ń fìka kà wá. "Èmi, Dádì, ọmọ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọmọ mẹ́rin! Mo lọ sí mall lọ́jọ́ kejì, mo ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ ewé. Mo sì ka ọjọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa padà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí i rẹ́gí.

Mi ò ní í parọ́, ibẹ̀ dára. Bó ṣe dára yẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú. Àjà kẹta la wà nínú ilé gíga kan. Ọ̀nà tó wà láàárín ilé àti iyanrìn, ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti àwọn ọmọdé nìkan. Orí iyanrìn gan-an ni wọ́n gbé ohun ìṣeré ọmọdé sí. Omi òkun náà kò jìn. Ọmọ kékeré á rìn wọnú rẹ̀ títí kó tó kàn án níbàdí. Lọ́wọ́ ọ̀sán, wọ́n á ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù bí ìgbà tí ọba wàjà, gbogbo èèyàn á lọ sùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn arúgbó á gbé àga tiwọn sọ̀kalẹ̀ láti ilé, wọ́n á jókòó yí ká lábẹ́ igi, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí mo bá ti kọjá, á na ìka sí àbíkẹ́yìn tó wà lẹ́yìn mi, á sì sọ nǹkan tí mi ò gbọ́, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà.

Ṣùgbọ́n ìrẹsì, ata gígún, panla àti gàrí ni Mọ́mì dì kún àpótí kan láti Houston. Ta ló máa sè é? Àárọ̀ ni mo máa ń se ọbẹ̀, kí n tó wẹ ọmọ mẹ́ta, kí n tó fi òróró oòrùn, èyí tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó ara, pa wọ́n lára, kí n tó gbé agboòrùn, omi, aṣọ ìnura àti ike ìṣeré sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun. Mọ́mì á wà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo wá sinmi ni," á wí, ó sì tọ́ sí i, iṣẹ́ ọsibítù kò rọrùn. Dádì á wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ sígboro láti lọ wo ilé àtijọ́. Èmi àti òkun ń wo ara wa. Mi ò lè wọ̀ ọ́ kọjá orúnkún torí àbíkẹ́yìn ò ní í jẹ́ kí n fi òun sílẹ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi wọ inú àpótí lọ ní gbígbẹ, ó sì bá mi padà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú páálí iye owó rẹ̀ lọ́rùn.

Ọjọ́ kan péré ni mo rẹ́rìn-ín dénú níbẹ̀. Gbogbo wa lọ mu nǹkan tútù funfun kan tí wọ́n fẹ́ràn nílùú yẹn. Èyí tí obìnrin kékeré inú àwọn ọmọ mu kù ni mo gbà. Bó ṣe kan ahọ́n mi, mo pariwo.

"Ọ̀fíò ni!"

Mọ́mì wò mí. "Kí ni?"

"Ọ̀fíò, mà. Èyí tí wọ́n ń tà lábọ́ nílé."

"Ẹ gbọ́ o! A wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Yúróòpù, ọ̀fíò lo rí. Ará oko yìí, ìwọ ò lè lajú láéláé."

Dádì ti ń wo fóònù. "Mọ́mì, ọ̀fíò ni lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbí. Ibí gan-an ni wọ́n ti ń gbìn ín."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò jẹ́ lọ bá wọn kórè ẹ̀!"

Àwọn ọmọ ń pariwo "ọ̀fíò, ọ̀fíò" káàkiri, wọn ò mọ̀ ọ́n pè. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ẹbí ni wá.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Mọ́mì bá wa sọ̀kalẹ̀ sétí òkun. Obìnrin òyìnbó kan tó ń gbé àjà kejì ń bá a sọ̀rọ̀, gẹ̀ẹ́sì dá ṣáká lẹ́nu obìnrin náà. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní ṣé ọmọ rẹ̀ àgbà nìyẹn, pé ó ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀ dáadáa. Mo wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀, mo ń ṣan iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ àbíkẹ́yìn. Etí mi ṣí sílẹ̀. Mọ́mì rẹ́rìn-ín.

"Rárá o," ó fi gẹ̀ẹ́sì wí. "Ó ń bá wa tọ́jú àwọn ọmọ ni."

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Kò sì rò pé òun sọ nǹkan burúkú. Mo ṣan ẹsẹ̀ ọmọ yẹn títí ó fi ní, "Àǹtí, it's clean." Ohun tí mo ń rò ni pé ọmọ ẹni la ń rán nílé ìwé. Ẹni tó ń báni tọ́jú ọmọ, ta ló rán an nílé ìwé rí?

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn wọlé. Lọ́jọ́rú, níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, Mọ́mì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó yẹ kó wọ ilé yìí lẹ́yìn wa ò wá mọ́. Onílé ní ká máa gbádùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i! Dádì á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwa tó kù dìgbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé."

Àwọn ọmọ fò sókè. Dádì ti gbé fóònù, ó ń yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, ó ń kà á sókè: ti Mọ́mì, ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti àbíkẹ́yìn. Ó wá wò mí. "Tìẹ dá wà. Físà ẹ ló pẹ́ nígbà yẹn, a ò rà á papọ̀. Màá pe àwọn elétíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Jímọ̀ nípa tìẹ."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mọ́mì, kíláàsì mi ńkọ́?"

"Sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́."

"Kíláàsì mi, mà."

"Kíláàsì wo?"

Ó ti gbàgbé. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n.

"Ti Rosenberg, mà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ̀ẹ́n, ìyẹn! Ṣé wọ́n fẹ́ hú Rosenberg kúrò nílẹ̀ ni? Ọdún tó ń bọ̀ wà níbẹ̀ o. Bu ẹran sí i fún ọmọ yẹn."

Mo bu ẹran sí i.

Ọmọ kì í ko àgbà lójú nílé wa. Ohun tó máa ṣe ni kó wá àgbà mìíràn tó máa bá a bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo kọ́kọ́ dúró de Dádì lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n bá a padà. Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé, Mọ́mì yín ló ni ín," ó wí. "Mi kì í dá sí i." Ẹni yìí ló ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin lẹ́nu iṣẹ́ ní Baytown o!

Ó wá ku ẹnì kan tí Mọ́mì ò gbọ́dọ̀ kọ̀ fún: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó pọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ sùn, mo jáde sí bálíkónì, mo pè é lórí fídíò, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Gbé fóònù fún un," ló wí.

Mo gbé e lọ fún Mọ́mì lórí àga rẹ̀, mo sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bálíkónì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti mọ ohun tí ìyá mi máa sọ. Á ní, "Àbúrò mi, jẹ́ kí ọmọ yẹn lọ kàwé." Kò gùn jù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má bínú, mà. Ọmọdé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ bá mi dárí jì í."

Ìyá mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ tó pọ̀n. Mọ́mì pàápàá ò sọ pé, "Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó kàn ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó na fóònù sí mi. "Ìyá ẹ fẹ́ rí ẹ."

"Gbé e jìnnà sí ojú kí n rí ọ dáadáa," ni ìyá mi wí. "Kúnlẹ̀."

"Màámi, kí ni mo..."

"Mo ní kúnlẹ̀! Ṣé ìwọ lo fẹ́ bà á jẹ́ fún wa? Ta ló ń gbọ́ bùkátà àwọn àbúrò ẹ níbí, ìwọ ni? Bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀ lórí bálíkónì. Oòrùn ti mú táìlì ilẹ̀ yẹn gbóná, ó jó mi lórúnkún. Bàbá arúgbó tó ń bomi rin òdòdó ní bálíkónì òdìkejì dáwọ́ dúró, ó ń wò mí, omi ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mọ́mì na ọwọ́, ó fi pa mí lórí.

"Ó ti tó. Dìde. Mi ò bínú."

Kò bínú! Mo ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà láti kékeré, mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ohun tí wọ́n ṣèlérí fún mi lọ́wọ́ mi, èmi ni mo tún tọrọ àforíjì, ẹni tó gbà á ló sì dárí jì mí. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn ni ohun kan ti já nínú mi. Mi ò sunkún. Mo wọlé, mo ṣan ìrẹsì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ṣe iṣẹ́ mi bí mo ṣe máa ń ṣe é. Lẹ́yìn oúnjẹ, Mọ́mì bi Dádì bóyá ó ti pe àwọn elétíkẹ́ẹ̀tì nípa tèmi. Dádì ní òun gbàgbé, pé òun á yanjú rẹ̀ tóun bá dé pápákọ̀ òfurufú lọ́la. Àwo ló wà lọ́wọ́ mi. Mo rọra gbé e sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé di àárọ̀ ọ̀la, tíkẹ́ẹ̀tì mi ṣì wà bó ṣe wà.

Mo jí ní kùtù. Mo se ọbẹ̀ tó máa tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo di irun obìnrin kékeré ní kókó mẹ́rin. Mo fún wọn lóúnjẹ, mo pa òróró oòrùn sí wọn lára. Mo kó aṣọ díẹ̀ àti ìwé ìrìnnà mi sínú àpò kan, mo fi kọ́ èjìká. Nígbà tí takisí dé, mo gbé àpótí Dádì lérí, mo sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè àpò èjìká, torí èmi ni mo máa ń ru àpò. Wọ́n ti ń wò mí pẹ̀lú àpò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò rí i mọ́.

Mo fi àpótí sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jókòó.

Dádì bẹ̀rẹ̀ wò mí. "Kí lèyí?"

"Òní ni tíkẹ́ẹ̀tì mi, sà."

Mọ́mì wà lókè ní bálíkónì, ìró láyà, àbíkẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde wá láti juwọ́. "Kí ni ọmọ yẹn ń ṣe nínú mọ́tò?"

"Ó ní òun ń lọ," ni Dádì dáhùn.

"Ó ń lọ sí ibo? Orí ẹ dàrú ni? Sọ̀kalẹ̀ kíá! Sọ̀kalẹ̀ kí n tó débẹ̀!"

"Rárá, mà."

Mi ò pariwo. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ṣùgbọ́n Dádì gbọ́, dẹ́rẹ́bà náà gbọ́, èmi náà sì gbọ́ ọ.

"Dádì, ẹ fà á jáde! Ta ló máa bá mi mú àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ẹ fà á jáde, mo ní!"

Àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú. Dádì wo òkè, ó wò mí, ó wo dẹ́rẹ́bà tó ti tan ẹ́ńjìnnì. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò gbèjà mi o, kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago ló gbèjà mi. Àbíkẹ́yìn ń ké orúkọ mi lókè, ìyẹn nìkan ló dùn mí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Àfi ìgbà tí a ń bọ́ sílẹ̀ ní Houston ni Dádì tó yanu. "Tó o bá délé, o máa pe Mọ́mì ẹ, o máa bẹ̀ ẹ́."

Mo wo ojú fèrèsé. 

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó máa gbé mi dé Rosenberg. Dádì wà ní Baytown. Mo fẹsẹ̀ rìn ín, lóòrùn Houston, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ibi ìrìnsẹ̀ rẹ̀ máa ń dédé parí sínú koríko. Òógùn bò mí débi pé obìnrin tó mú orúkọ ní kí n kọ́kọ́ lọ mu omi. Mo ní kó kọ́kọ́ sàmì sí orúkọ mi ná. Ó sàmì sí i. Mo tún padà lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kún un pé ni Mọ́mì dé. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Kò lé mi jáde, torí iṣẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀: ó nílò ẹni tó máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo ń sè, mo ń fọ̀, mo ń wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo máa ń bọ́ aṣọ ìdáná, mo sì máa ń lọ. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ ju "ọbẹ̀ dà?" lọ. Ìyá mi ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń sunkún, ó ní kí n má ba ilé jẹ́. Ìyá mi náà ń bí mi nínú, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.

Mọ́mì ti sọ ọ́ ká gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ fà mí lápá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ìwọ ọmọ yìí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mo pè ọ́. Ìyá ẹ ní o fi òun sílẹ̀ nílùú òyìnbó, létí òkun, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà," mo wí. "Òun ló bí wọn."